Àwòrán Ọjọ́ Ẹtì

"Gbogbo ìgbà tó o kí mi nínú ẹ̀rọ yẹn ni mo dá ẹ lóhùn," ni Bàbá Akínwùmí wí. "Mi ò fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Fọláyẹmí gbé ife omi tó fẹ́ mu padà sórí tábìlì. "Ẹ dá mi lóhùn, sà?"

"Ṣé kí n máa wò ẹ́ níran ni? O ní, 'Ẹ kú ìrọ́jú, sà.' Mo ní, 'O ṣeun, ọmọ mi.' Ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ ariwo, gbà-gbà-gbà bí ẹni ń kan páànù mọ́ òrùlé, ni mo bá kúkú mú àdúrà sí i. Mo gbà fún ẹ, mo gbà fún ọkọ ẹ, mo gbà fún Ayọ̀mídé ọmọ ẹ. Kí ariwo yẹn tó dá, mo ti kan gbogbo ilé yín."

Jemima, àkọ́bí Bàbá, rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá àga mú. "Ẹ ò rí Bàbá! Inú ihò ẹ̀rọ ni wọ́n ti lọ ṣe ìsọjí."

Fọláyẹmí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Àárọ̀ Sátidé ni, nínú yàrá ìgbàlejò kan ní àdúgbò Bẹyẹrúnkà, níbi tí òrùlé ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun èkejì lẹ́yìn. Bàbá Akínwùmí ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Fọláyẹmí lọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ọdún yìí ni jẹjẹrẹ mú un lọ́fun. Ó ti gba ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn tí Fọláyẹmí ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ku mẹ́rin. Fọláyẹmí kì í ṣe dókítà o. Òun ló ń fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú ara àwọn aláìsàn. Àná, ọjọ́ Ẹtì, ló ya ọ̀fun Bàbá kí wọ́n lè mọ ibi tí ìtọ́jú dé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Dókítà Ògoolúwa fi pe ilé pé àwòrán náà dára gan-an, pé bó bá di Ọjọ́rú, àwọn á dín ìtànṣán kù, àwọn á yọ ọ́ kúrò ní gògóńgò àti níbi tí itọ́ ti ń sun, kí ohùn Bàbá má baà lọ. Ìdí nìyẹn tí Jemima fi ní kí Fọláyẹmí wá gba ọpẹ́. Lọ́la, gbogbo ẹbí á lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Omi ni ẹ̀rọ náà ń wá. Kò sí ẹran ara tí kò ní omi nínú, omi náà kì í sì í dúró sójú kan. Níbi tí jẹjẹrẹ bá ti gbilẹ̀, inú ibẹ̀ á fún bí Ọjà'ba nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la, omi ò ní rọ́nà gbà. Bí ìtànṣán bá wá ń pa kókó jẹjẹrẹ náà, àyè á ṣí sílẹ̀, omi á máa rìn bó ṣe wù ú. Ẹ̀rọ á ka ìrìn omi yìí, á sọ ọ́ di nọ́ńbà; bó bá ṣe ga tó ló ṣe dára tó. Bí a bá pe nọ́ńbà Bàbá kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní ọgọ́rùn-ún, ti ọjọ́ Ẹtì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́jọ. Dókítà rí i, ó fi ayọ̀ lu tábìlì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ̀ ju ìrìn lọ. Bí omi bá rìn, á kà á. Bí ọ̀fun fúnra rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò nítorí pé ẹni tó ni ín ń gbàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ, á kà á mọ́ ọn, á sì pè é ní omi.

"Sà," Fọláyẹmí tún bi í, "lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tó jẹ́ pé Basit ẹlẹgbẹ́ mi ló ya yín, ṣé ẹ dá òun náà lóhùn?"

Bàbá fajú ro. "Èwo ni Basit? Ọmọ tí kì í kíni yẹn? Ṣe ló ń pàṣẹ fún mi bí ẹni ń darí mọ́tò. 'Bàbá, ẹ má mira! Bàbá, ẹ má gbé itọ́ mì!' Kí ni mo fẹ́ dá a lóhùn sí? Mo yáa dákẹ́ títí ó fi parí."

Gbogbo aláìsàn ló máa ń fẹjọ́ Basit sùn pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Fọláyẹmí ni wọ́n máa ń yìn. Òun náà mọ̀ pé wọ́n ń yin òun, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí ó ti rí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tó nà gbọọrọ sórí ibùsùn ẹ̀rọ, tí wọ́n fi àgò ike dé e lórí, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ fún un pé kó pa ẹnu dé. Ó kàn ní, "Ẹ bá wa rọra dúró jẹ́ẹ́, sà." Kí àwòrán kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bá ẹni inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, á kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló kí i. Bó bá sì ti yọwọ́ lórí bọ́tìnnì, kò lè gbọ́ ohun tó ń lọ nínú lọ́hùn-ún mọ́.

Jemima sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "A máa retí ẹ lọ́la o. Bàbá ti ní funfun làwọn máa wọ̀."

"Ó dáa, Àǹtí."

Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bẹẹrẹ, láàárín àwọn tó pàtẹ àwo àti bàtà títí dé etí gọ́tà. Ọlọ́kadà kan fọn fèrè sí i, ó tún bú u, kò dá a lóhùn. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ̀ ti ń yípo, tó sì yẹ kó wọkọ̀ lọ sílé ní Òkè Bọ́lá, ṣe ló dúró sábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù kan, ó pe Nojeem. Nojeem ló ń ṣírò ibi tí ìtànṣán máa gbà lára aláìsàn àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Fọláyẹmí ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Nojeem ní, "Àǹtí, ẹ mọ̀ pé ká tiẹ̀ ní Bàbá ò mira rárá, nọ́ńbà yẹn máa ń yí fúnra ẹ̀. Ẹ ya èèyàn, ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún un yà lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá yàtọ̀. Ọ̀fun ló tún wá le jù. Mímí wà níbẹ̀, itọ́ wà níbẹ̀, eyín tí wọ́n fi irin dí wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ní ká máa yà á lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, àmọ́ wọ́n ní èrò aláìsàn pọ̀ jù."

"Mo rántí."

"Àádọ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé ẹ̀yin náà ò rí i pé ó pọ̀ jù?"

Fọláyẹmí wo òkè lọ sí ọ̀nà Mápó, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. "Mo rí i, Nojeem. Inú mi ló dùn."

"Hẹn-ẹn."

"Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ni kò fẹ́? Tó bá di Ọjọ́rú tá a yọ iná ìtànṣán kúrò níbẹ̀, tí nǹkan yẹn sì ṣì wà láàyè, a ti fi í sílẹ̀ kó máa jẹun lọ nìyẹn o. Ṣé kí n bá yín sọ fún dókítà?"

"Rárá. Èmi ni mo kí wọn."

Ó lè dúró di ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi pé ó dúró di ọjọ́ iṣẹ́. Ó ronú ìyẹn wò, ó sì wù ú. Ṣùgbọ́n lọ́la ni Bàbá máa dìde láàárín ìjọ pẹ̀lú aṣọ funfun, tí wọ́n máa kọrin yí i ká, tí gbogbo Bẹyẹrúnkà á gbọ́. Ta ló máa wá lè sọ fún un lọ́jọ́ Ajé pé kó padà sábẹ́ iná? Fọláyẹmí yí padà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Jemima rò pé ó gbàgbé nǹkan ni. Bàbá ti kúrò lórí àga, ó ń to ìwé orin sórí tábìlì. Fọláyẹmí kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò tiẹ̀ wọlé tán, ó sọ ọ́. Ó sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ka ìrìn, bí ọ̀fun ṣe ń mira bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, bí òun kò ṣe kìlọ̀ tó yẹ kí òun kìlọ̀. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó sọ pé kó dìde.

"Fọláyẹmí," Jemima ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "a ti sọ fún àlùfáà. A ti pe àwọn ẹbí tó wà ní Agodi. Kí ni kí n wá sọ fún wọn báyìí? Pé àdúrà ló ba àwòrán jẹ́?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Mi ò bínú. Mò ń bi ẹ́ ni. Ọlọ́run ṣe nǹkan tán, o fẹ́ fi gírámà gbà á lọ́wọ́ wa?"

"Jemima." Bàbá ló pè é. Ó fi ọwọ́ di ọ̀fun mú, nítorí ó máa ń ta á bó bá fẹ́ gbé ohùn sókè. Ó wo Fọláyẹmí. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé kí n dákẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi ni, kí ló ṣe mí? Mo fi ọdún mẹ́tàdínlógójì sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó dákẹ́. Ìwọ náà, ó tó ìgbà mélòó? Ṣé ẹnì kankan kú?"

Fọláyẹmí kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Bàbá fa àga kan, ó jókòó.

"Tí ẹ bá tún un yà, tí kò dáa, ohùn mi ńkọ́?"

"Wọ́n á máa bá iná lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, sà. Ó ṣeé ṣe kí ohùn lọ."

"Tí ẹ ò bá tún un yà?"

"Wọ́n á dín in kù lọ́jọ́rú. Ohùn lè dúró. Àmọ́ tí nǹkan yẹn bá ṣì wà láàyè níbẹ̀, sà..."

"Ẹ má tún un yà, Bàbá," Jemima ní. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gba èyí tó dáa yẹn gbọ́."

Ẹ̀rù ń ba Bàbá, Fọláyẹmí rí i kedere: ẹ̀rù ń ba ọ̀gá tí gbogbo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń sá fún rí. Fọláyẹmí ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gún nǹkan nílé kejì.

"Bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ti ṣe é lóòótọ́," Bàbá sọ níkẹyìn, "wọn ò lè fi àwòrán míì pa á rẹ́. Pe àlùfáà, Jemima. Sọ fún wọn pé kí ìdúpẹ́ dúró ná, àyẹ̀wò ò tíì parí. Ìwọ, dìde níbẹ̀ yẹn. Aago mélòó ni kí n dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

Lọ́jọ́ Ajé, Fọláyẹmí ti wà lẹ́nu ọ̀nà Dókítà Ògoolúwa kí dókítà tó dé. Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró, báàgì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Ó bínú. Ó ní, "Madam, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ fi nọ́ńbà yẹn ṣe?" Ó ní, "Ẹ̀yin tí mo fọkàn tán jù!" Fọláyẹmí ò gbèjà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà dókítà jókòó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún láìjẹ́ pé ó dọ̀tí.

"Àní èmi náà ńkọ́?" ó wí. "Nọ́ńbà kan ṣoṣo, mo ti gbà á gbọ́, mo ti pe ilé onílé. Ẹ yà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárín méjèèjì. Tí àwọn méjèèjì ò bá bára mu, mi ò ní wo èyíkéyìí nínú wọn."

Bàbá dé pẹ̀lú Jemima. Nígbà tó nà sórí ibùsùn, tí Fọláyẹmí fẹ́ fi àgò dé e lórí, ó tẹ̀ síwájú, ó sì sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì: "Sà, tí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má gbé itọ́ mì. Ẹ má jẹ́ kí ahọ́n yín mira. Ẹ má gbàdúrà."

"Báwo lo ṣe wí?"

"Ẹ má fẹnu gbà á, sà."

Bàbá ti ojú dé. "Ó yé mi, tíṣà," ni ó wí.

Fọláyẹmí jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Ìka rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì, kò sì tẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà dá wà nínú ihò, ariwo ń dà bò ó, òun sì jókòó síbí, òun ò ní kí i, kódà òun ò ní sọ pé ó kù díẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń hùwà àìdáa sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dá. Fọláyẹmí di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

Wọ́n ní kí Bàbá jáde fún ogún ìṣẹ́jú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Jemima. Fóònù dún, Dámiláre ni, ọmọ ìkẹyìn tó wà ní Kánádà. Bàbá mi orí. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ìtọ́jú ni kò ti gba ìpè mọ́. Jemima ló ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀.

"Bàbá ń ṣọ́ ohùn ná," Jemima sọ sínú fóònù. "Ara wọn le. A máa pè ọ́ padà."

Wọ́n tún un yà. Bàbá kò mira, Fọláyẹmí kò kí i.

Nojeem wá dúró sẹ́yìn àga rẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà jáde, dókítà náà dé. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ mẹ́jọ lé lọ́gọ́rùn-ún. Ti èkejì jẹ́ mẹ́wàá lé lọ́gọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó lu tábìlì.

"Wọ́n bára mu," Nojeem ní. "Àmọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ò ju ohun tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ lè fi yí lọ. A ò lè fi í sọ pé kókó yẹn ti ń kú."

Dókítà Ògoolúwa mí kanlẹ̀. "Kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́ o. Ó kàn jẹ́ pé a ò ní ẹ̀rí tá a máa fi yọ iná kúrò níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ la máa ṣe é parí." Ó wo Fọláyẹmí. "Ṣé kí n lọ sọ fún wọn ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ, sà. Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn mi."

Ó kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì. Bàbá wò ó lójú, ó sì ti mọ̀.

"Ṣé wọ́n bára mu?"

"Wọ́n bára mu, sà. Ti Fúráìdè ni kò bá wọn mu."

"Ìyẹn ni pé iná á máa lọ."

"Á máa lọ bó ṣe wà, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

"Ohùn ńkọ́? Má tàn mí."

"Á máa dín kù. Ó lè padà lẹ́yìn ìtọ́jú, ó lè má padà bó ṣe wà. Èmi ò mọ̀, dókítà náà ò mọ̀."

"Ìgbà wo ni wọn ò ní gbọ́ mi mọ́?"

"Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, sà. Ó lè tó méjì."

Jemima kọjú sí ògiri. Ó dun Fọláyẹmí dé eegun, nítorí pé òun ló fún wọn ní ayọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, òun ló sì tún wá gbà á. "Ẹ dárí jì mí, sà," ó wí. "Ẹ̀yin náà, Àǹtí."

"Ká ní o ò padà wá lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́?" Bàbá bi í. Kò dúró gba èsì. Ó na ọwọ́ sí Jemima. "Gbé fóònù yẹn fún mi."

"Bàbá, ẹ ṣọ́ ohùn yín."

"Mo ti ṣọ́ ọ tó. Pe Dámiláre. Jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì lè mọ̀ pé èmi ni."

Jemima fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tẹ nọ́ńbà náà. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n gbé e.

"Dámiláre," Bàbá ní. Ohùn rẹ̀ há, ó sì dún gan-an síbẹ̀. "Rárá, kì í ṣe Àǹtí ẹ. Èmi ni. Jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀."

Nínú yàrá ẹ̀rọ, Basit ti gbé aláìsàn mìíràn wọlé, ariwo ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń jáde bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fọláyẹmí dìde, ó fa ilẹ̀kùn irin náà dé, ó sì fi ẹ̀yìn tì í, títí Bàbá fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.